Ẹsẹ̀ Lásán ní Nathan Way

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ti Keziah sínú wàhálà yìí, tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ bi. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ ṣì í lọ́nà.

Òun àti Mọ́wùnmí jọ ń gbé fúláàtì kan tó kọjú sí adágún omi Southmere ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àwọn méjèèjì bá ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé, fíìmù àwọn ará Íńdíà ni wọ́n fi ń sinmi. Kì í ṣe fíìmù tó ń parí o. Èyí tó ń lọ láti ọdún dé ọdún ni, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bo èdè wọn mọ́lẹ̀, tí ẹnu òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ìtàn kan náà ló sì máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á gbé ìyàwó wọlé, ìyá ọkọ á sọ ọ́ di ẹrú. Á da iyọ̀ kún ọbẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, á da òróró sórí àtẹ̀gùn nígbà tó bá lóyún, á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á tì í mọ́ yàrá. Ọkọ ńkọ́? Ọkọ ò mọ nǹkan kan. Ọkọ á wọ kóòtù, á rẹ́rìn-ín lọ síbi iṣẹ́, ọjọ́ tẹ́nì kan bá sì là á lójú, á bú sẹ́kún, á gba ìyàwó mọ́ra, orin á bẹ̀rẹ̀. Mọ́wùnmí á sunkún tẹ̀ lé e. Keziah ní tirẹ̀, ìyá ọkọ ló máa ń bú. "Obìnrin yìí, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́," á wí, á tún bu gúgúrú sẹ́nu.

Èmi náà máa ń wò ó, n ò ní purọ́. Ọmọ ìjọ kan náà ni wá, a sì máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn bíi pé àwọn aládùúgbò wa ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e lọ síbi iṣẹ́ rí. Keziah gbé e lọ.

Ní Barnfield Estate, lókè Woolwich, ìyá arúgbó kan wà tí Keziah ń lọ wẹ̀ fún láràárọ̀. Ará Íńdíà ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti wọ́ ọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò pọ̀, kò sì sí Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Opó ni, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀ ṣáá, nítorí ní ìlú tiwọn, bí ọkọ bá ti kú, aṣọ aláràbarà di èèwọ̀ fún ìyàwó. Keziah ti mọ ìyẹn láti inú fíìmù. Màmá ló ń pe obìnrin náà. Ojú Màmá le, kì í rẹ́rìn-ín, ọ̀pá rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Dilip, ọmọ Màmá, àti Hemlata, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé ilé náà. Ẹ ò lè rí ẹni tó mọ ọmọlúàbí ṣe bíi Dilip. Auntie ló ń pe Keziah. Á bá a gbé àpò, á fún un ní ọsàn, á béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ní Ọ̀fà. Táìlì ló ń tà ní Nathan Way, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Thamesmead, ọ̀nà kan náà tí àwa ìjọ aláṣọ funfun ti háyà ilé ìkẹ́rùsí tá a fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. "Auntie, àwọn èèyàn yín tún kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lánàá," á wí, "láìwọ bàtà, nínú òtútù yìí. Mi ò lè wò wọ́n. Ara mi máa ń gbọ̀n nítorí wọn, mo máa ń gbójú kúrò ni." Keziah á rẹ́rìn-ín. Á ṣàlàyé pé ilẹ̀ mímọ́ ni ibi tí sùtánà, aṣọ funfun wa, bá wà, pé a kì í fi bàtà sí i.

Hemlata kò ju ọmọdé lọ. Kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá jẹ́ pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Á se oúnjẹ, á nu ilẹ̀, á tún un nù. Ó pẹ́ kí Keziah tó ṣàkíyèsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, bàtà Dilip tò lọ rẹrẹ, sílípáàsì Màmá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bàtà kankan fún obìnrin tó lè rìn.

Lọ́jọ́ Rú kan nínú oṣù Fẹ́búárì, Keziah ní kó wá bá òun gbé àpò ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i díẹ̀. Hemlata wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní òun ò ní bàtà. Ó wí i bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. Ó sún díẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà, bóyá kó lè wo ìta. Kíá ni Màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ gbì láti orí àga rẹ̀. Hemlata sá padà sí kíṣìnnì.

Kí ló tún kù tí Keziah fẹ́ mọ̀? Ó ti wo ibi yìí nínú fíìmù rí. Màmá ló kó bàtà ìyàwó pamọ́. Ọkọ ò mọ̀.

Nígbà tí Dilip ń gòkè bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, Keziah dá a dúró, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Dilip, ọmọ mi, bá màmá ẹ sọ̀rọ̀," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó kó bàtà ìyàwó ẹ pamọ́. Kò jẹ́ kó jáde. Ọmọ náà ń jìyà."

Dilip rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé, Auntie. Ó dáa tẹ́ ẹ sọ fún mi. Kí ló tún sọ fún yín?"

Keziah tún ń sọ. Ó ní ọmọ náà wí lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ máa lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní láíbìrì. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Keziah fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé Dilip lọ́wọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó ṣàánú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dilip ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó kí i dáadáa. Bí Keziah ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, Dilip ní, "Auntie, ṣebí ilé iṣẹ́ yín ló ń gbé físà yín dúró? Wọn ò ní fẹ́ gbọ́ pé ẹ ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí àwọn tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe yín." Ó fún un ní ọsàn méjì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọsàn wà lọ́wọ́ Keziah, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Inú ilé ìwẹ̀ ni ó ti rí ìyókù. Ọ̀pá Màmá ò sí níbẹ̀. Ó ti rí i nínú ike ìdọ̀tí kíṣìnnì, ó ti kán sí méjì. Nígbà tó bọ́ aṣọ Màmá, ojú ibi tí ìka ọwọ́ ọkùnrin ti di ọwọ́ òsì arúgbó náà mú ti dúdú. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Keziah wo ojú Màmá, Màmá wo tirẹ̀. Àṣé ojú tó le yẹn, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Hemlata wọlé, ó yí omi ẹ̀rọ kí ariwo omi lè bo ohùn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Ó sọ ọ́ wéréwéré ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí Keziah. Dilip ló ti bàtà rẹ̀ mọ́ búùtù ọkọ̀. Dilip ló gba páásípọ́ọ̀tù. Ó fi kámẹ́rà kékeré kan sókè ìlẹ̀kùn, tó ń wo ọ̀nà àbájáde, tó sì máa ń dún lórí fóònù rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ ibẹ̀. Ìdí tí Màmá ṣe máa ń gbá ọ̀pá nílẹ̀ nìyẹn: ìkìlọ̀ ni, kí fóònù tó dún, kí Dilip má bàa bínú wálé. Ní àná, nígbà tó ń lu Hemlata, ọ̀pá yẹn ni Màmá gbé sókè sí ọmọ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Sunday, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa mú mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú," Hemlata wí. "Ó ní à ń lọ kí ilé. Auntie, ó máa fi mí sílẹ̀ ní abúlé, á sọ fún wọn pé orí mi ti dàrú, á gbé páásípọ́ọ̀tù mi padà wá síbí. Bó ṣe ṣe ẹni tó fẹ́ ṣáájú mi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Keziah ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Dilip ti sọ fún un pé físà rẹ̀ ti kú, pé àtìmọ́lé ni ọlọ́pàá máa gbé e lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti fi ọkọ̀ òfurufú dá a padà. Keziah mọ̀ pé irọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù físà, ẹni tó ń bà ló mọ̀ ọ́n, ó sì ń ba òun náà. Ó pe ọ́fíìsì wọn láti ibùdókọ̀. Wọ́n ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, pé ẹni tó ń rí sí irú ẹ̀ máa kàn sí i lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, Hemlata á ti dé abúlé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́wùnmí tan tẹlifíṣọ̀n. Ìyá ọkọ inú fíìmù yọjú, orin burúkú bẹ̀rẹ̀. Keziah bú sẹ́kún.

"Auntie Keziah, kí ló dé? Ẹ má jẹ́ kí n máa panic o," Mọ́wùnmí wí.

"Pa á. Jọ̀ọ́, pa nǹkan yẹn. Èmi ni mo lọ report ọmọ ọlọ́mọ fún ẹni tó ń pa á." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Mọ́wùnmí ò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ògiri.

Mummy Ìyèbíyè ni wọ́n pè. Ìyá àgbà ni nínú ìjọ wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ààbò kan fún àwọn obìnrin tó sá kúrò nílé ọkọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá wọn lẹ́nu.

"Físà kì í pa èèyàn," ó wí. "Tó bá ti dé ọwọ́ mi, èmi fúnra mi máa pe àwọn police tó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò ní fi àkókò ṣòfò. But tí mo bá rán mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kámẹ́rà á rí i, Nathan Way ò sì jìnnà. Ó máa dé kí ọmọ náà tó délẹ̀. Ẹ má pe cab náà o. Ẹ ò mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn onícab Woolwich." Ó wá béèrè, "Keziah, Sunday-Sunday, kí lọkùnrin yẹn máa ń rí lórí kámẹ́rà ẹ̀?"

Keziah ronú. Lọ́jọ́ Sunday, òun àti Mọ́wùnmí ni wọ́n jọ máa ń wẹ Màmá, torí pé wọ́n máa ń fọ irun rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀, wọ́n á ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìsìn. "Obìnrin méjì, ma," ó wí. "Nínú sùtánà. Láìwọ bàtà."

"Ẹ jẹ́ kó rí obìnrin méjì," Mummy Ìyèbíyè wí.

Ọjọ́ Sunday dé, òtútù mú bíi kí etí já. Keziah ń gun àtẹ̀gùn Barnfield pẹ̀lú Mọ́wùnmí. Ó gbàdúrà pé kí Dilip ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti lọ. Àpótí ìrìn-àjò ńlá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ kámẹ́rà. Àpótí Dilip ni. Ti Hemlata ò ju àpò ọ̀rá kan lọ.

Wọ́n wẹ Màmá, wọ́n fọ irun rẹ̀, wọ́n sì tilẹ̀kùn yàrá. Keziah wọ sùtánà tirẹ̀. Mọ́wùnmí gbé tirẹ̀ sórí ibùsùn, pẹ̀lú fìlà, ìborùn, àti ìbòmú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. "Mo máa dúró ti Màmá," ó wí. Ọmọ tó máa ń sunkún nítorí fíìmù, òun ló ní òun máa dúró sílé Dilip.

Ibi tí Keziah ò ronú dé nìyí. Hemlata rí aṣọ funfun lórí ibùsùn, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó ń mi orí. Ó ní òun ò lè wọ̀ ọ́. Opó ló ń wọ funfun. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè, tó bá wọ̀ ọ́, ikú ló fi ń pe ọkọ rẹ̀ wálé. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin tó lù ú tí ìka rẹ̀ fi wú, tó fẹ́ lọ dà á nù bí omi ìfọwọ́, Hemlata ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Inú bí mi nígbà tí Keziah sọ ọ́ fún mi, ó ń bí mi títí di òní. Ṣùgbọ́n kí a tó bú u, ìyá tèmi náà, nílé wa, kì í jókòó kí bàbá mi tó jókòó, bàbá mi tó ń ju àwo lù ú bí inú bá ń bí i ni mò ń wí.

Keziah bẹ̀ ẹ́. Mọ́wùnmí bẹ̀ ẹ́. Àsìkò ń lọ, ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá sì pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ lọ, Dilip á mọ̀. Hemlata rọra jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó bo ojú. Keziah mọ̀ pé ó ti parí. Ó rò ó pé òun á padà wá lọ́la, òun á bá yàrá yìí ní òfìfo, òun á sì máa wẹ Màmá lọ.

Nígbà náà ni Màmá gbá apá àga rẹ̀. Kò ní ọ̀pá mọ́, àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá a. Ó nawọ́ sí sùtánà. Keziah gbé e fún un, kò mọ̀dí. Màmá pe orúkọ Hemlata, orúkọ yẹn jáde kedere láti ẹnu rẹ̀ tó wọ́. Ọmọ náà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Arúgbó náà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan gbé aṣọ funfun náà bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó pẹ́ gan-an. Mọ́wùnmí fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fojú lé e sẹ́yìn. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ Hemlata ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí itan ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tu itọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì nu ìyẹ̀fun pupa tó wà láàárín irun ọmọ náà, èyí tí abilékọ wọn máa ń kùn láràárọ̀ ayé wọn. Ó nù ún títí kò fi ku nǹkan kan. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn. Hemlata wò ó lójú, ó dìde.

Keziah ti wo ohun tí Màmá ṣe yìí nínú fíìmù lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kì í ṣe é àyàfi tí òkú ọkọ bá wà nílẹ̀.

Wọ́n jáde. Lábẹ́ kámẹ́rà, Keziah ké sẹ́yìn pé, "Ó dàbọ̀, Màmá," bó ṣe máa ń wí. Obìnrin méjì nínú sùtánà, fìlà lórí, ìbòmú lẹ́nu, ẹsẹ̀ lásán. Lórí àtẹ̀gùn, Hemlata di ẹ̀yìn aṣọ Keziah mú bíi ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ òyìnbó kan wo ẹsẹ̀ wọn, ìyá rẹ̀ yí orí rẹ̀ padà. Ẹnikẹ́ni ò tún wò wọ́n mọ́. Ètè Keziah ń mì, Sáàmù ló ń kà, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ló ń pa dà sí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Nathan Way, ilẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ṣọ́ọ̀bù Dilip wà níwájú, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọ̀nà míì. Keziah ti rò ó pé Dilip á wà nínú, láàárín àwọn oníbàárà. Òde ló wà. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tí bàtà Hemlata wà nínú búùtù rẹ̀, ó ń wo fóònù.

Hemlata rí i. Keziah gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró. "Máa rìn," ó wí wẹ́lẹ́. "Má dúró. Ilẹ̀ ni kó o máa wò."

"Auntie," Dilip ké sí i.

Keziah dúró, ó sì ti Hemlata síwájú díẹ̀ kí ó máa lọ, bí èrò ìsìn tó ti pẹ́. Dilip ń bọ̀ wá bá wọn.

"Màmá ńkọ́?"

"A ti wẹ̀ ẹ́. Ara ẹ̀ yá."

"Ìyàwó mi?"

"Ó ń sùn," Keziah wí. Ó fi sùtánà lọ́rùn parọ́, ilẹ̀ ò sì là gbé e mì.

Dilip wo ẹ̀yìn obìnrin tó ń lọ. Ojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti fìlà dé aṣọ, láti aṣọ dé ẹsẹ̀ tí òtútù ti sọ di pupa, tó ń gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Keziah ń wo ojú rẹ̀. Bó bá pè é lórúkọ báyìí, ọmọ náà á yíjú padà, ó dá a lójú pé á yíjú padà. Ojú Dilip dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ó fún ejìká pọ̀, ó gbójú kúrò.

"Mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Obìnrin wo ló lè rìn láìwọ bàtà nínú èyí? Ẹ gbàdúrà fún mi o, Auntie. Mò ń rìnrìn-àjò lónìí."

"A máa gbàdúrà," Keziah wí.

Ó rìn. Kò sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ò lè sáré. Bó ṣe wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣubú sórí orúnkún rẹ̀, àwọn tó rí i rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Mummy Ìyèbíyè ti gba Hemlata wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti tilẹ̀kùn, ó ti wà lórí fóònù. Kò pẹ́ tí Mọ́wùnmí pè: obìnrin ọlọ́pàá méjì ti wà lọ́dọ̀ òun àti Màmá, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí Dilip fi máa dé. Màmá ti jẹun. Ẹ̀gbà ọwọ́ ṣì wà lórí itan rẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nì kan gbé e.

Èmi ni mo gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Keziah bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ Hemlata nínú báfù.

Keziah bi í pé kí ni Màmá sọ nígbà tó ń wọ aṣọ fún un.

Hemlata wo aṣọ funfun lára rẹ̀. "Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé kì í ṣe èmi ni mò ń pa á," ó wí. "Ó ní, 'Èmi ni mo bí i. Èmi ni mo sin ín lónìí.'"

Lẹ́yìn ògiri, ìsìn ti dé ibi àdúrà fún àwọn ìyá. Wòlíì ń ké pé ọmọ ni yóò sin wá, pé ojú wa ò ní sin ọmọ, gbogbo ìjọ sì ń ké àmín tó mi páànù orí ilé. Mo la ẹnu láti ṣe àmín tèmi. Keziah gbé ojú sókè wò mí, mo sì pa ẹnu náà dé.